Àga Tí Olú Bá Èèyàn Kàn

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí ẹ gbé ìtì igi tó ti ń jẹrà lẹ́yìn ilé, ẹ ó rí nǹkan funfun kan lábẹ́ rẹ̀ tó ta bí okùn aláǹtakùn. Ọ̀pọ̀ wa kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òun gan-an sì ni olú. Èyí tí à ń já sínú ọbẹ̀, èso rẹ̀ lásán ni.

Lọ́dún 2013, oníṣẹ́ ọnà ará Nẹ́dálándì kan, Eric Klarenbeek, fi okùn funfun yìí ṣe àga. Òun àtàwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Wageningen ni wọ́n jọ ṣe é. Wọ́n lọ koríko gbígbẹ kúnná, wọ́n pò ó mọ́ omi àti okùn olú. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí wá ń tu ú jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìpele lórí ìpele, bí ìgbà tí amọ̀kòkò bá ń ká amọ̀ léra. Ẹ̀rọ náà ló tún ṣe èèpo fẹ́lẹ́ tó bò ó lẹ́yìn, ara ọ̀gbìn ni wọ́n sì ti rí ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ nìyẹn. Olú ló kù tó ń bá iṣẹ́ lọ nínú ikùn àga, tó ń jẹ koríko, tó ń ta okùn láti ibí dé ọ̀hún, títí gbogbo rẹ̀ fi dì mọ́ra tó le. Kò sí ìṣó, kò sí gọ́ọ̀mù. Orí olú tilẹ̀ yọ lára àga náà, bó ṣe ń yọ lára kùkùté. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ́ kó gbẹ, kó má baà dàgbà mọ́.

Ọlọ́run ọba ò! Ta ló kọ́ olú níṣẹ́ yìí?

Olú nìkan kọ́ ló mọ iṣẹ́ àga. Ọmọ Nẹ́dálándì mìíràn, Joris Laarman, ti ṣe àga kan lọ́dún 2006 tí wọ́n ń pè ní Bone Chair, ìyẹn Àga Egungun. Álùmíníọ̀mù ni, kọ̀ǹpútà ló sì ṣírò rẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbóríyìn fún kọ̀ǹpútà. Àṣé ará Jámánì kan, Claus Mattheck, ló ti wo bí igi àti egungun ṣe ń dàgbà, ohun tó rí sì ni kọ̀ǹpútà náà tẹ̀ lé: ibi tí ẹrù pọ̀ sí a máa ki, ibi tí ẹrù ò sí a máa dín. Egungun itan tiwa yìí ti ń ṣe é látọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Olódùmarè ni ọ̀gá káfíńtà.

Bí òjò bá tún rọ̀, ẹ gbé ìtì igi yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó dá a padà.