Ta Ni Ń Gbọ́ Bùkátà Ìyá?

Ẹ̀kọ́ kíkà: Máàkù 7:9–13, 1 Tímótíù 5:3–8

 

Ọ̀rọ̀ owó orí ni a fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀kan yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé kí ni owó orí ń wá nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìdí owó òde ni Mátíù jókòó sí nígbà tí Olúwa pè é.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, a lọ wẹ ọmọ fún ọmọbìnrin wa ní Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé owó orí ọdún tí ó kọjá ránṣẹ́ sí ìjọba, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin sì ni gbèdéke rẹ̀. Inú ìwé yìí ni ènìyàn ti ń kọ orúkọ àwọn tí ó ń gbọ́ bùkátà wọn. Kì í ṣe ọmọ nìkan. Bàbá àti ìyá pẹ̀lú lè wà níbẹ̀. Nítorí òbí bẹ́ẹ̀, ìjọba lè yọ tó 500 dọ́là kúrò nínú owó orí tí ọmọ náà yóò san.

Ìyá kan tí a jọ jókòó nílé ìsìn níbẹ̀ ni ó sọ èyí fún wa. Kò sọ ìyókù. Bí a ti délé ni a pe ọmọ wa, a ní, "Kọ orúkọ mi sí i. Ṣé kì í ṣe ìwọ ni o ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi?"

Ó ní, "Mọ́mì, èmi ni. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà á bẹ́ẹ̀."

Ó bá jókòó, ó ń ṣàlàyé òfin náà fún wa díẹ̀díẹ̀, bí àwa náà ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ Púráímárì Kẹta láyé àtijọ́. Òbí tí a óò kọ orúkọ rẹ̀ ní láti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tí òfin kà sí olùgbé ibẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ olùgbé Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Ìyá tí ń gbé Ìjẹ̀bú kò sí nínú rẹ̀, bí ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù. Bí òbí bá sì ń gbé níbẹ̀, owó tí ń wọlé fún òun fúnra rẹ̀, èyí tí òfin ń bu owó orí lé, kò gbọdọ̀ tó 5,050 dọ́là fún ọdún 2024. Fún ọdún 2025 wọ́n sún un sí 5,200. Lẹ́yìn náà, ọmọ gbọ́dọ̀ ti gbé ju ìdajì gbogbo ìnáwó òbí náà lọ́dún náà. Kò di dandan kí àwọn méjèèjì jọ gbé inú ilé kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti rò.

"Ní 2024 tí ìwé yìí ń bèèrè nípa rẹ̀," ni ọmọ wa wí, "ẹsẹ̀ yín kò tíì tẹ ibí."

Inú bí wa. Ó dà bí ẹni pé ìjọba kan tí kò mọ̀ wá rí ń sọ pé a kì í ṣe ìyá ọmọ wa. A sì sọ ohun tí kò yẹ kí ó ti ẹnu wa jáde, àwa tí a ti ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì ẹgbẹ́ yìí láti ọdún mọ́kànlá: a ní, "Ta ni yóò mọ̀?"

Ọmọ náà kò dáhùn kíá. Ó tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí yóò fọwọ́ sí. Ó ní ẹni tí ó bá fọwọ́ síbẹ̀ ti gbà pé bí òun bá purọ́, ìyà ẹni tí ó búra èké tọ́ sí òun. Ó wá fi kún un pé, "Mọ́mì, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi ní Òfin Mẹ́wàá."

A wọ yàrá lọ. Kí a má purọ́ fún yín, ẹsẹ Bíbélì tí a óò fi bá a wí ni a lọ wá. A rántí Máàkù orí keje, níbi tí Olúwa ti bá àwọn Farisí wí nítorí òbí. Láyé wọn, ènìyàn lè sọ pé Kọbáni ni ohun tí ó yẹ kí ìyá tàbí bàbá òun jẹ, pé òun ti fi í fún Ọlọ́run. Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọn kò jẹ́ kí ó ṣe ohunkóhun fún òbí náà mọ́. Gbólóhùn ẹnu lásán ni, ó mọ́ létí, ó dà bí ìwà mímọ́, ebi sì ń pa ìyá nílé. Olúwa kò gbà á. Ó ní wọ́n ti fi àṣà tiwọn pa àṣẹ Ọlọ́run rẹ́.

A ń ka á lọ kí a lè fi bá ọmọ wa wí, àfi bí ẹni pé ẹnìkan yí ìwé náà padà kọjú sí wa.

Ní Nàìjíríà, nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, fọ́ọ̀mù owó orí tiwa náà ní àyè fún ọmọ, kò ju mẹ́rin lọ. Ó ní àyè fún ìbátan méjì tí ènìyàn ń tọ́jú: arúgbó tàbí aláìlera tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ mọ́, tàbí ìyá tí ó jẹ́ opó. (Òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026 kò bèèrè ìyá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí lọ́dún ni kò gba owó orí lé.) Bàbá wa kú ní 1984. Láti ìgbà náà títí di 1998 tí ìyá wa fi lọ sinmi, ọdọọdún ni a ń kọ orúkọ ìyá sí fọ́ọ̀mù náà, wọ́n sì ń dín owó orí wa kù nítorí rẹ̀.

"Ju ìdajì lọ." Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí a sùn. Ọmọ wa ti sọ fún wa bí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ níbẹ̀: oúnjẹ, aṣọ, oògùn, owó ọkọ̀, àti iye tí yàrá tí òbí ń gbé ìbá jẹ́ bí a bá fi í háyà. Owó tí òbí bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ná lórí ara rẹ̀ náà wọ inú ìṣirò. A mú bírò, a ṣírò ti ìyá wa sẹ́yìn ìwé kan.

Ilé: ilé bàbá wa ni. Oúnjẹ: àbúrò wa obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ ni ó ń bọ́ ọ. Omi pípọn, aṣọ fífọ̀, àti gbígbé e dé ọsibítù lóru: òun náà ni. Àwọn arákùnrin wa mẹ́ta a máa fi nǹkan ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá rántí. Àwa ń kó? A ń fún un lówó bí owó oṣù bá wọlé, ẹ sì mọ bí owó oṣù olùkọ́ ti rí nígbà náà. Bí Kérésìmesì bá dé, a ó gbé ìrẹsì wá. A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan tí àbúrò wa kọ orúkọ ìyá sí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwa àkọ́bí ni wọ́n gbé sí iwájú, àwa ni a yan aṣọ ẹbí. Ẹ̀yìnkùlé ni òun wà, ó ń dáná.

Kọbáni tiwa nìyẹn, ẹ̀yin arábìnrin.

Ní òwúrọ̀ a bẹ ọmọ wa. Nígbà náà ni ó sọ ohun kan tí ó dùn mọ́ wa nínú òfin wọn. Bí àwọn ọmọ bíi mẹ́ta bá jọ ń tọ́jú ìyá kan, tí kò sí ẹni tí ó dá gbé tó ìdajì, ṣùgbọ́n tí àpapọ̀ wọn ju ìdajì lọ, wọ́n lè fohùn ṣọ̀kan kí ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbé ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ kọ orúkọ ìyá lọ́dún náà. Àwọn yòókù tí ó gbé jù bẹ́ẹ̀ yóò fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní kọ ọ́. Lọ́dún tí ń bọ̀ ó lè kan ẹlòmíràn. Form 2120 ni wọ́n ń pe ìwé rẹ̀. A ronú pé ká ní irú rẹ̀ wà nílé wa, a kò bá ti mọ ẹni tí kò ní ohun tí yóò fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ má fi ọ̀ranyàn mú wọn kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá bi yín léèrè iye tí ń wọlé fún yín, ẹ sọ ọ́ tán, àti owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san. (Àwọn kan wà nínú wa tí owó ayálégbé wọn kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ rí.) Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní ìwé ìgbélùú, tí ó ń bọ́ ọ, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀ ní tòótọ́, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ láìṣojo, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kí ó sáà rí i pé ìyá náà kò di ọmọ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótíù pé ilé ni kí àwọn ọmọ opó ti kọ́kọ́ kọ́ ìwà-bí-Ọlọ́run, kí wọ́n san oore àwọn òbí wọn padà. Ìjọ tilẹ̀ ń bọ́ opó nígbà náà. Pọ́ọ̀lù kò fẹ́ kí ẹrù ìyá tí ó lọ́mọ wọ ìjọ lọ́rùn.

Oṣù keje ni a padà délé. Ní oṣù kẹjọ a lọ bá àbúrò wa, a sọ ohun tí a fi orúkọ ìyá ṣe fún ọdún mẹ́rìnlá. Ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ti owó orí nìkan ni?" Ó sì bu ẹ̀kọ fún wa jẹ.

Orúnkún ń dùn ún báyìí, kò lè jókòó ti iná pẹ́ mọ́. Àwa àti àwọn arákùnrin wa ra ìwé kékeré kan, òun ni ó ń tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ Bíbélì rẹ̀. Ẹni tí ó bá mú nǹkan wá yóò kọ iye rẹ̀ síbẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i. Ní oṣù àkọ́kọ́, tiwa ni ó kéré jù. A ti fi kún un.