Ẹbọ Tí A Fi Ara Ẹni Rú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá ti dé ìlú Èkó rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gba Ojú Ẹlẹ́gbà kọjá. Níbẹ̀ ni ọ̀nà Súrùlérè, ti Yábàá àti ti Múṣín ti ń pàdé. Ariwo àwọn ọmọ ọkọ̀ kì í dákẹ́ níbẹ̀, afárá ńlá sì gba orí ìkóríta náà kọjá. Ṣùgbọ́n orúkọ ibẹ̀ dàgbà ju afárá náà lọ. Ojúbọ Ẹlẹ́gbà ni ó ń tọ́ka sí, Ẹlẹ́gbà tí àwọn baba wa tún ń pè ní Èṣù, ẹni tí wọ́n gbà pé òun ni ó ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ẹni tí ọ̀ràn bá wọ̀ lọ́rùn a gbé epo àti àkùkọ lọ sí irú ibẹ̀, a sì padà sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí.

Èmi kò sọ èyí láti fi àwọn baba wa ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n mọ ohun kan tí àwa ọmọ òde òní fẹ́ràn láti gbàgbé, èyí ni pé ohun rere kì í sábà wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí ẹ̀kọ́ Kristi ti yà kúrò ní ọ̀nà tiwọn ni ti ohun tí a ń fi rúbọ. Ní ojúbọ, ohun mìíràn ni ó ń kú dípò ẹni tí ó ni ẹbọ. Ṣùgbọ́n Kristi fi ara rẹ̀ rúbọ, ó sì pe àwọn tí ó bá fẹ́ tẹ̀ lé e láti gbé àgbélébùú tiwọn. Olúwarẹ̀ ni ó gbé igbá ẹbọ, òun kan náà ni ó sì wà nínú igbá.

Nígbà náà, ǹjẹ́ gbogbo ìyà tí onígbàgbọ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà ni ó ń so èso? Olúwa wa fi hóró àlìkámà tí ó bọ́ sínú ilẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ mọ àlìkámà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀bá oko wa ni ó dúró sí, bóyá èbù iṣu ni ìbá mú. Àgbẹ̀ a gé iṣu tí ìdílé rẹ̀ ìbá jẹ, a rì í mọ́ inú ebè. Nígbà tí ó bá sì wa iṣu tuntun, èbù náà a ti rọ bí àkísà. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ọmọ mi: àgbẹ̀ kò gbin èbù kí ó lè jẹrà. Bí ó bá jẹ́ pé ìjẹrà nìkan ni ó ń mú iṣu jáde, èyí tí ó rà sínú àká ni ìbá kọ́kọ́ so. Ẹni tí ó ń gbààwẹ̀ tí ó sì ń fi ebi rẹ̀ kanra mọ́ gbogbo ará ilé, inú àká ni iṣu tirẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó kó owó ọ̀yà àwọn lébìrà rẹ̀ sínú àwo ọrẹ ní ilé ìsìn. Ti ẹlòmíràn ni ó fi rúbọ, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹbọ kan tí ó bọ́ sí ilẹ̀ rere. Kò jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà tí Ìdí-Àràbà wà, níbi tí Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ àwọn dókítà. Ibẹ̀ ni Ameyo Stella Adadevoh, tí a bí ní ọdún 1956, ti gba oyè ìṣègùn ní ọdún 1981. Ọmọ ìran Herbert Macaulay ni, ẹni tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ baba ńlá fún. Fún ọdún tí ó lé ní 20 ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbaléndé.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan láti Làìbéríà, Patrick Sawyer, sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, ó sì ṣubú lulẹ̀. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, nítorí náà Ọbaléndé ni wọ́n gbé e lọ. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pe àìsàn rẹ̀. Dókítà Adadevoh yẹ̀ ẹ́ wò, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó fura pé Ebola ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kò dé Nàìjíríà rí. Aláìsàn náà sẹ́ pé òun kò súnmọ́ ẹni tí ó ní àrùn náà. Àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń béèrè pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí pé ìpàdé pàtàkì kan ń dúró dè é ní Kálábà. Dókítà náà kọ̀ jálẹ̀.

Mo rò pé ibi kíkọ̀ yìí ni ẹbọ náà wà, kì í ṣe ibi ikú tí ó tẹ̀ lé e. Obìnrin yìí kò wá ikú lọ. Ó ní ọkọ, ó ní ọmọkùnrin kan. Ó rọrùn láti buwọ́ lu ìwé kí ọkùnrin náà máa lọ. Ta ni ìbá bá a wí? Èrò ọkọ̀ ìbá bá a rìn, àwọn tí ó wà ní ìpàdé ìbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, olúkúlùkù wọn ìbá sì padà sí ilé tirẹ̀.

Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje. Lẹ́yìn náà ni àìsàn mú dókítà náà, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn àkóràn ní Yábàá. Níbẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn mìíràn kú pẹ̀lú. Àwọn elétò ìlera wá nǹkan bí 900 ènìyàn tí ó ti fara kan àwọn aláìsàn kiri, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́. Ènìyàn 20 péré ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn mẹ́jọ ni ó sì kú. Bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń kú ní Làìbéríà, Gínì àti Sàró. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Oṣù méjì àti ọjọ́ kan ti kọjá lórí ikú rẹ̀.

Ẹnìkan nínú yín lè béèrè pé: bí àrùn náà bá ti tàn ká bí ó tilẹ̀ ti kọ̀, ǹjẹ́ ẹbọ rẹ̀ ìbá ti já sí asán? Ìbéèrè náà le, kò sì yẹ kí a sáré dáhùn rẹ̀. Ní tèmi, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Èso ti ẹ̀mí ti pọ́n kí ayé tó rí i. Ó ti pọ́n nínú ẹni tí ọdún pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti sọ di ẹni tí kò lè fi àlàáfíà ẹlòmíràn ra ìrọ̀rùn ara rẹ̀. Ohun tí a rí ní oṣù Kẹwàá jẹ́ ìkórè, ìkórè kì í sì í sábà ṣe ti ẹni tí ó gbìn. Ẹ rántí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther: ní ọdún 1890 ni àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun gba iṣẹ́ odò Ọya mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú àbùkù, ó sì kú ní ọjọ́ tí ọdún 1891 parí. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ó ṣiṣẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń ka ojú ewé yìí ní èdè tí òun wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi í sínú ìwé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń fura sí ẹbọ tí ẹni tí ó rú u ń ka èso rẹ̀. Òbí kan a fi oúnjẹ du ara rẹ̀ kí ọmọ lè lọ sí ilé ìwé, ohun tí ó dára púpọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kà á sí ọmọ létí ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, gbèsè ni ó ti sọ ọ́ dà. Igi ọsàn kì í bèèrè ọsàn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ìbẹ̀rù mú kí àwọn ènìyàn Èkó máa fi omi iyọ̀ wẹ̀, wọn kò sì fẹ́ bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́. Lónìí, bí ẹ bá wọ dáńfó ní Ojú Ẹlẹ́gbà tí ó ń lọ sí Yábàá, ẹ óo bá àwọn èrò ní èjìká sí èjìká, òógùn ẹnì kan lára ẹnì kejì. Kọ̀ńdọ́ a gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn, a na ṣéńjì sí ẹni tí ó wà níwájú, kò sì sí ẹni tí ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.