Ìlù Inú Ẹ̀rọ: Ta Ni Onílù?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Bí ọmọkùnrin kan bá jókòó sínú yàrá, tí kò sí awọ ewúrẹ́ níbẹ̀, tí kò sí ọ̀ṣán, tí kò sí kọ̀ǹgọ́, tó kàn fi ìka kan tẹ kíbọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tó wà níwájú rẹ̀, tí ìyáàlù sì dún ketekete láti inú sípíkà, ta ló lùlù? Ṣé ọmọkùnrin yẹn ni? Ṣé ẹ̀rọ ni? Àbí ẹnì kan wà tí a ò rí, tí a ò sì dárúkọ rẹ̀?

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olórin nìyẹn, pé kò kàn yín. Orin tí wọ́n fi ń polówó ọṣẹ lórí rédíò, orin ìyìn tí ẹ ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí awakọ̀ dánfó ń gbé sókè títí etí fi ń hó, púpọ̀ nínú wọn ló ti inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ jáde. Gbogbo wa là ń jó sí i. Ẹni tó bá sì jó sí ìlù, ó yẹ kó mọ ẹni tó lù ú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Kíbọ́ọ̀dù tí mò ń wí yìí, tí wọ́n ń pè ní kíbọ́ọ̀dù MIDI, kì í ṣe dùùrù. Kò lóhùn rárá. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láì so ó mọ́ nǹkan kan, ìró ìka yín lára kíì nìkan lẹ máa gbọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó jíṣẹ́ lọ. Ṣé ẹ rántí àrokò àwọn baba wa? Ẹni tí wọ́n fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ rán kì í túmọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó gbà á ló mọ ohun tó ń wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni MIDI. Bí ìka bá tẹ kíì kan, nọ́ńbà ló ń rán lọ sínú kọ̀ǹpútà: ó sọ kíì tí wọ́n tẹ̀, láti 0 dé 127, ó sọ bí wọ́n ṣe fi agbára tẹ̀ ẹ́ sí, láti 1 dé 127, ó tún sọ ìgbà tí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Ohùn kankan ò bá iṣẹ́ yẹn rìn. Sọ́fúwià inú kọ̀ǹpútà ló máa gba àrokò náà, tó máa wá ohùn fún un: ohùn dùùrù, ohùn fèrè, ohùn gìtá, tàbí ohùn ìyáàlù wa.

Àwọn méjì tí wọ́n ń dárúkọ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Dave Smith, ará Amẹ́ríkà, àti Ikutaro Kakehashi, ará Jàpáàní tó dá ilé-iṣẹ́ Roland sílẹ̀. Ṣáájú wọn, ẹ̀rọ orin ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà gbọ́ èdè ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin kan ní California, wọ́n so ẹ̀rọ Prophet-600 tí ilé-iṣẹ́ Smith ṣe mọ́ Jupiter-6 tí Roland ṣe. Wọ́n tẹ ọ̀kan, èkejì dún. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn náà ni pé wọn ò fi tà. Wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ yòówù máa lò ó láì san owó àṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ní 2013, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Grammy nítorí rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ń bọ̀ wá wúlò fún wa níwájú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ra irú kíbọ́ọ̀dù yìí ní ọjà Alábà, ọlọ́mọ kíì 25. Ó fi wáyà USB so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, iná rẹ̀ tàn, ó tẹ̀ ẹ́, kẹ́kẹ́ pa. Ló bá figbe ta: "Ọ́ǹkù, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì!" Ó ti fẹ́ padà lọ bá ọlọ́jà fa wàhálà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó mọ̀ ọ́n ṣe tó dá a dúró. Wọ́n ṣí FL Studio, wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣètò MIDI. Orúkọ kíbọ́ọ̀dù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbà á láyè. Wọ́n tẹ ibi tí wọ́n kọ Enable sí. Síbẹ̀ kò dún, nítorí wọn ò tíì yan ohun èlò tó máa dá a lóhùn. Wọ́n gbé dùùrù kan sí i, ó dún. Ó wá ku ẹyọ kan: bó bá tẹ kíì, ohùn ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Wọ́n yí dráífà ohùn sí ASIO, wọ́n dín bọ́fà rẹ̀ kù, ìka àti ohùn wá ń rìn pọ̀.

Ẹ ẹ̀ rí i pé ẹni mẹ́ta ló wà nínú iṣẹ́ yìí: ẹni tó rán ni níṣẹ́, ẹni tó jíṣẹ́, àti ẹni tó lóhùn. A mọ ẹni tó ránṣẹ́, ìka ni. A mọ ìránṣẹ́. Ẹnì kẹta yẹn gan-an ni mò ń wá.

Àwọn àgbà olórin kan ń sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀, pé ọmọ tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù gidi kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní olórin. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìránṣẹ́ yìí kì í purọ́: bí ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, á sọ pé ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, bí ẹ bá kù gììrì sí i, á sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó mòye yàtọ̀ sí ọwọ́ òpè lórí rẹ̀. Lóòótọ́, sọ́fúwià lè bá ènìyàn to ìlù tó wọ́, kó bọ́ sójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n káfíńtà náà ń lo rúlà, a ò sì pè é lólè. Àṣejù ibẹ̀ ló burú: ìlù tí wọ́n bá tò títí tí kò fi ní èémí mọ́, ìdí kì í fẹ́ jó o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Onídùndún ń fún ọ̀ṣán, ohùn awọ ń lọ sókè sódò, ó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Kíbọ́ọ̀dù náà sábà máa ń ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń yí ohùn. Bí wọ́n ṣe sábà ń tò ó, kì í gbé ohùn ju ìwọ̀n kíì méjì lọ, bí a bá ka dúdú mọ́ funfun, ṣùgbọ́n ènìyàn lè fi kún un. Nítorí náà, ẹ̀rọ lè ṣe é. Mo ti gbọ́ orin kan tí wọ́n fi ìyáàlù inú ẹ̀rọ kún. Ó ń ròkè, ó ń rodò, ó dùn. Mo dẹtí títí, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọmọ Àyàn tó fi ọdún gbọọrọ tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lóde, kì í ṣe ọwọ́ nìkan ló ń kọ́. Ó ń kọ́ oríkì, ó ń kọ́ òwe, ó ń kọ́ ẹni tí wọ́n ń kí àti ìgbà tí wọ́n ń kí i. Nọ́ńbà ò lè gbé ìyẹn.

Ohùn yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́, níbo ló ti wá? Àwọn ohùn kan wà tí ẹ̀rọ ń pilẹ̀ ṣe, kì í ṣe wọn ni mò ń bá wí. Ti ìlù tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹnì kan gbé ìlù kọ́ èjìká lọ́jọ́ kan níwájú maikirofóònù. Ó lu ẹyọ kan, wọ́n gbà á. Ó lu òmíràn, wọ́n gbà á. Líle, pẹ̀lẹ́, òkè, ìsàlẹ̀. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n dì í, wọ́n fi tà. Lónìí, bí ọmọ kan ní London tàbí ní Ìbàdàn bá tẹ kíì, ọwọ́ onílù yẹn ló ń dún.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Gregory Coleman, onílù ẹgbẹ́ The Winstons ní Amẹ́ríkà. Ní 1969, nínú orin wọn tí ń jẹ́ "Amen, Brother", àwọn yòókù dákẹ́, òun nìkan lùlù fún ìgbà tí kò pé ìṣẹ́jú-àáyá 8. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gé ohùn wá pọ̀ lóde lẹ́yìn 1980, ìró kékeré yẹn wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba. Àwọn ẹlòmíràn fi ṣe owó. Coleman kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ó kú ní 2006, kò nílé lórí. Ní 2015, àwọn olólùfẹ́ orin dáwó jọ fún Richard Spencer, olórí ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ lu ìlù ti lọ.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣebí Smith àti Kakehashi fi tiwọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ló dé tí onílù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè dáadáa ni. Àwọn yẹn fúnra wọn ló la ẹnu sọ pé kí gbogbo ayé máa lò ó. Ẹni tó ni nǹkan ló lè fi tọrẹ. Ohun tí olóhun bá fi sílẹ̀, ẹ̀bùn ni. Ohun tí a mú nígbà tí olóhun ò mọ̀, ẹ mọ orúkọ tó ń jẹ́. Àti pé orúkọ tiwọn kò sọnù.

Ẹlòmíràn á ní, "Wọ́n ti sanwó onílù lọ́jọ́ tó wá." Bó bá mọ ohun tó ń tà lọ́jọ́ náà, mo gbà. Owó ọjọ́ kan lè parí ọ̀ràn owó. Kò lè parí ọ̀ràn orúkọ. Ẹ wo iṣẹ́ onílù láàrín wa ná. Bí ẹ bá wọ òde àríyá, òun ló ń pe orúkọ yín, orúkọ bàbá yín, oríkì ilé yín, títí orí yín á fi máa wú. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa dárúkọ ẹlòmíràn ni a wá gba ohùn rẹ̀, tí a ò dárúkọ tirẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Òfin tilẹ̀ ti rántí wọn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ ilẹ̀ wa buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún ẹni tó ṣeré ní ẹ̀tọ́ lórí eré tó ṣe. Ṣùgbọ́n òfin ò lè bá ènìyàn wọ yàrá tó ti ń tẹ kíì lóru. Ẹ̀rí ọkàn ló lè wọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò ní kí ẹ ju kíbọ́ọ̀dù nù. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ máa ṣe é. Kí ẹ tó ra ohùn ìlù kan, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ ẹni tó lù ú sí i. Bí wọ́n bá kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sára orin yín náà. Èyí tí ẹnì kan jí tó fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má gbà á. Ọjọ́ tí orin bá sì fẹ́ kí ìlù sọ̀rọ̀, kì í ṣe kó kàn dún, ẹ pe ọmọ Àyàn kan wá. Ẹ fún un lómi mu, ẹ fún un lówó rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu ìlù rẹ̀. Kó tó lọ, ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀.