Ariwo Ìṣẹ́jú-Àáyá Márùn-ún

Kí àwọn kọ̀ndọ́ ní ibùdókọ̀ Benson tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Mile 12, Kétu!" láàárọ̀ kùtù ni mo máa ń sítáàtì Hilux mi. Bó bá ti gba iná báyìí, n óò gbọ́ nǹkan kan níwájú ẹ́ńjìnnì, bí ìgbà tí èèyàn ń mi agolo tí ìṣó wà nínú rẹ̀. Kì í ju bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ, á dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì á wá máa dún jẹ́jẹ́, ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn náà kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi gbọ́ ariwo yẹn láràárọ̀, tí mo sì ń dúpẹ́ pé ó tún ti dákẹ́.

Ọdún 1989 ni wọ́n ṣe mọ́tò náà. Ẹni tó tà á fún mi ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ tí wọ́n sì tún un tò ni. Ó mú rìsíìtì jáde: písítìnì, ríìnì, bẹ́árìnì, gásíkẹ́ẹ̀tì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú mi dùn. Ohun tí kò sí nínú rìsíìtì yẹn ló yẹ kí n wá, n kò wá a.

Ẹ́ńjìnnì 22R ló wà nínú rẹ̀, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, 2,366 cc. Ọdún 1981 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, àwọn tó bá mọ̀ ọ́n sì máa ń sọ pé kì í kú bọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ní ibì kan tó ti máa ń ṣàìsàn. Ṣéènì kan wà níwájú rẹ̀, bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere, tó so kíránkì ìsàlẹ̀ mọ́ kámúṣáfútù òkè. Bí kíránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáfútù gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan péré, kí àwọn fáàfù lè ṣí kí wọ́n sì pa dé lásìkò. Títí di 1982, ṣéènì onílà méjì ni wọ́n ń fi sí i. Láti 1983 ló ti di onílà kan, igi ìtọ́nà méjì tí wọ́n fi rọ́bà líle bo ojú wọn ló sì ń mú un rìn tààrà. Irin kékeré kan, tẹ́ńṣọ̀nà, ló ń tì í kó má bàa dẹ̀. Agbára ọ́ìlì ni tẹ́ńṣọ̀nà yìí fi ń ṣiṣẹ́. Bí mọ́tò bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì á ti ṣàn padà sísàlẹ̀. Láàárọ̀, kí ọ́ìlì tó gòkè dé ibẹ̀, ṣéènì tó bá ti gbó á máa jó, á máa na ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tèmi nìyẹn. Ọ́ìlì ló ń pa á lẹ́nu mọ́ fún mi.

Mẹkáníìkì tí mo ń lò nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tọ́wọ́ rẹ̀ yá, ní kí n má mikàn.

"Ọ̀gá mi, tapẹ́ẹ̀tì ni. Gbogbo 22R ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kó gbóná kẹ́ ẹ tó gbéra."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó gbóná. Nígbà tó yá, mọ́tò kò fẹ́ gun òkè mọ́ bí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Ó ní kábúrétọ̀ ni. Mo lọ sí Ládípọ̀ ní Mùṣín, mo ra tọ́kúnbọ̀. Ó ní plọ́ọ̀gì ni, mo rà á. Lẹ́yìn náà ló yí dísítíríbútọ̀ díẹ̀, agbára mọ́tò sì padà wá. Àwa méjèèjì bọ ara wa lọ́wọ́. A kò mọ̀ pé ohun tó burú jù lọ la ṣe yẹn. Nínú 22R, kámúṣáfútù ló ń yí dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì. Bí ṣéènì bá ti nà, fáàfù á máa pẹ́ ṣí, iná plọ́ọ̀gì náà á sì máa pẹ́ tàn. Nígbà tó yí dísítíríbútọ̀, ó dá iná padà sí àyè rẹ̀, fáàfù kò kúrò níbi tó wà, ṣéènì sì ń gbó lọ.

Lọ́jọ́ kan ni mo fa géèjì yọ, tí mo rí i pé ọ́ìlì ti funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Omi ti wọ ọ́ìlì. Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, èmi pẹ̀lú wọn. A tú tọ́pù ṣílíńdà, wọ́n lọ fá ojú rẹ̀, a fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, a da ọ́ìlì tuntun. Owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi ni mo kó lé e. Tọ́pù ṣílíńdà wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣéènì wà ní gbangba níwájú wa, kò sẹ́ni tó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

N kò ní pe ọmọkùnrin yẹn ní olè. Iṣẹ́ tí wọ́n fi hàn án ló ṣe. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú nǹkan, ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo lọ kó ẹja l'Ọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ fún ìyá kan tó ń tajà ní Sábó. Òbòkún àti èpìyà ni, agbọ̀n kún agbọ̀n, yìnyín wà lórí wọn. Mo ti ń rí i pé omi rédíétọ̀ ń dín láràárọ̀, mo kàn ń bu kún un. N kò fa géèjì yọ. Mo kọjá Ìtóíkín, mo ń súnmọ́ Ìmọ́tà, iná pupa ọ́ìlì tàn. Kí n tó rí ibi dúró sí, ẹ́ńjìnnì ti ń kan gbà-gbà-gbà bí ẹni fi òòlù lu irin. Ó kú síbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ti mú. Nígbà tí mo fi máa rí mọ́tò mìíràn tó máa kó ẹrù, yìnyín ti di omi, ẹja ti ń rùn. Ìyá náà kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ṣí agbọ̀n kan, ó wò ó, ó tún bò ó. "Àbúrò mi, owó àjọ ni mo fi rà á," ló sọ.

Ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ògólóńtò ni wọ́n fa mọ́tò náà lọ. Kò mú sípánà kankan lọ́wọ́. Ó jókòó, ó ní: "Báwo ló ṣe máa ń dún láàárọ̀?"

Mo fi ẹnu ṣe é fún un.

"Ìgbà wo ló ń dákẹ́?"

"Kíá ni, Bàbá. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ."

"Tapẹ́ẹ̀tì kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn," ló ní. "Tapẹ́ẹ̀tì á máa bá ọ sọ̀rọ̀ délé."

Ó ṣí ọmọrí tapẹ́ẹ̀tì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí ṣéènì gbà kọjá. Ó ní kí n wò ó. Igi ìtọ́nà ẹ̀gbẹ́ ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ṣí dísítíríbútọ̀, ó fi sípánà ńlá mú kíránkì, ó rọra yí i lọ, ó yí i bọ̀. Kíránkì ti rìn jìnnà kí ohun tó wà nínú dísítíríbútọ̀ tó mira. Ó ní bó ṣe dẹ̀ tó nìyẹn. Ó wá to àmì kíránkì sórí òdo. Ó yẹ kí ìṣó kékeré orí kámúṣáfútù dojú kọ òkè gangan. Tèmi ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo èyí kò gbà ju wákàtí kan lọ, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀.

Nígbà tó tú iwájú ẹ́ńjìnnì, ó gbé ìbòrí ṣéènì síta, ó gbé e sójú oòrùn. Ṣéènì ti fi ara rẹ̀ gbẹ́ ojú alumíníọ̀mù náà bí ẹni fi ayùn rẹ́ ẹ. Nínú kòtò yẹn, ihò kan wà tí kò ju orí ìṣáná lọ. Ara ìbòrí yẹn ni wọ́n de pọ́ńpù omi mọ́, omi ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun wà lókè, omi ń gba iwájú wọlé. Omi yìí ló ba bẹ́árìnì jẹ́. Ó tún rọ́wọ́ sínú abọ́ ọ́ìlì, ó kó àfọ́kù rọ́bà líle jáde, wọ́n ti dí àwọ̀n tí pọ́ńpù ọ́ìlì fi ń fa ọ́ìlì. Ó tò wọ́n sórí pákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èyí tó dúdú jù yìí ti pẹ́ níbẹ̀," ló ní. "Ó ti wà níbẹ̀ kó o tó ra mọ́tò."

A ra ṣéènì tuntun, tẹ́ńṣọ̀nà, àwọn eyín tó ń gbé e, ìbòrí, àti igi ìtọ́nà tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin, tí kò ní lè ṣẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Kíránkì àti bẹ́árìnì ló gba owó jù. Oṣù márùn-ún ni mo fi san gbèsè ẹja.

Nígbà tí bàbá parí iṣẹ́, mo rò pé n óò wà á lọ sílé. Ó kọ̀. Ó ní kí mọ́tò sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí n sítáàtì rẹ̀, ó fi sukudiráfà gígùn kan ti ìbòrí ṣéènì, ó fi etí ti ìdí rẹ̀. Kò sí ariwo kankan. Ó ní kí n pa á, kí n tún padà wá lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn tó gbọ́ ọ tán, ló tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.