Líle Kọ́ Ni Ìfínnífínní

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó máa ń fún àwa olùkọ́ Yorùbá ní wàhálà nígbà tí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni rigour. Inú èdè Látìn ni ó ti wá, ohun tí ó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ ni kí nǹkan gan, kí ó má ṣeé tẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń lò ó fún gígan òkú. Bí ibà bá sì ń gbọn alààyè jìgìjìgì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń pè é. Amòfin ń lò ó fún òfin tí kò gba ẹ̀bẹ̀. Onímọ̀ ìṣirò, ẹ̀wẹ̀, ń lò ó fún àlàyé tí kò fo ìgbésẹ̀ kankan.

Èwo nínú wọn ni a ń wí nígbà tí a bá ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́? Lójú tèmi, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì dì pọ̀ ni Yorùbá ti tú sọ́tọ̀. Líle jẹ́ ọ̀kan, ìyẹn ìrorò àti àìgbẹ̀bẹ̀. Ìfínnífínní jẹ́ òmíràn. Ẹni tí ó le koko lè má ṣe nǹkan kan fínnífínní rárá.

Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lọ sí ọjà Òkè Àrin ní Èkó, níbi tí àwọn tí ń ta oúnjẹ gbé pọ̀. Kí ó wo ìyá tí ń wọn ẹ̀wà. Yóò bù ú kún kóńgò títí yóò fi ga ṣóńṣó. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó bu ènì sí i. Ènì kò dí òṣùwọ̀n lọ́wọ́, kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Òǹtajà mìíràn wà tí ojú rẹ̀ le bí òkúta, tí kò gbọ́ ìdúnàádúrà, ṣùgbọ́n tí a ti lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú. Ta ni yóò pe ìyẹn ní aláìṣègbè?

Ní Èkó yìí kan náà ni àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run pàdé ní 1875 láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, lẹ́yìn tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ jáde ní 1843. Nígbà tí ìjọba fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, “aiye” di “ayé”, “enia” di “ènìyàn”. Àwọn kan kà á sí ìnilára. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Nítorí òǹkàwé ni, kí ó lè gbọ́ ohun tí òǹkọ̀wé wí gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ní kí kíláàsì mi kọ àròkọ kúkurú lórí ìlò “igba” láàárín àwọn Yorùbá. Igbá tí a fi ń bu omi ni mo ní lọ́kàn, n kò sì fi àmì sí i. Ọmọkùnrin kan kọ̀wé lórí òǹkà: bí ẹgbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rin ṣe ti inú igba jáde. Òdo ni mo fún un. Nínú ìdánwò yìí kan náà, mo gé máàkì gbogbo ẹni tí ó gbàgbé àmì ohùn.

Ó wá bá mi. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, igba ni ẹ kọ.”

Mo ní kí ó yé jiyàn. Ṣùgbọ́n òfin tí èmi fúnra mi kọ́ wọn ni pé ohùn àárín kì í gba àmì. Ohun tí mo kọ gan-an ni ọmọ náà kà. Ọjọ́ méjì ni ọ̀rọ̀ náà fi ń jẹ mí lọ́kàn. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n fi í sílẹ̀, pé bí olùkọ́ bá yí ohùn padà níwájú ọmọ, ọ̀wọ̀ rẹ̀ yóò dínkù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀; kíláàsì tí kò bẹ̀rù olùkọ́ kò rọrùn láti kọ́. Síbẹ̀, ọ̀wọ̀ tí mo ń dáàbò bò nígbà náà, ìdí kóńgò rẹ̀ ti wọnú.

Mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé èmi ni mo ṣì í kọ. Mo tún ìwé ọmọ náà kà, mo sì fún un ní 8 nínú 10. Ó pàdánù 2 nítorí pé ó pe ẹgbẹ̀rin ní igba mẹ́ta, kò sì bá mi jiyàn lórí ìyẹn.