Owó Ọ̀yà Ẹni tí Ń Sùn sí Ẹnu Iṣẹ́

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n ní Owódé, a mọ̀ bí Jákọ́bù ti ń ṣọ́ agbo ẹran Lábánì ní òru láìrí oorun sùn, tí Lábánì sì ń pa owó ọ̀yà rẹ̀ dà.

Ní ìlú Ọba, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ń sùn sí ilé tí a ń gba àwọn aláìnílé sí, kí wọn lè dìde bí wàhálà bá dé, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ ní ọdún 2021, lórí ọ̀ràn olùtọ́jú kan, pé òfin owó ọ̀yà kò ka wákàtí tí a yọ̀ǹda fún oorun, àfi èyí tí a bá jí òṣìṣẹ́ sí iṣẹ́. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n kí a tó nàka sí wọn, ẹ jẹ́ kí a wo ìloro ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní ọdún 2024 ìjọba wa sọ owó oṣù tí ó kéré jù di ₦70,000. Òfin náà kò sì mú ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25. Ta ni nínú wa tí ó ní ọlọ́dẹ 25? Lefitiku 19:13 ni ó mú wa, èyí tí kò fẹ́ kí owó alágbàṣe sùn mọ́ wa lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Oorun tí ọlọ́dẹ bá sùn lórí ẹní níbẹ̀, tiwa ni. Aya rẹ̀ nìkan ni ó wà nílé. A bẹ ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan kí wọn gbé ọ̀ràn owó rẹ̀ yẹ̀wò kí oṣù yìí tó parí.