ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ẹ Fọwọ́ Kan Ẹ́ńjìnì Kí Ẹ Tó Sanwó

*Kíkà:* Jóṣúà 9:3-16. 1 Tẹsalóníkà 5:21

  

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, arákùnrin kan nínú ìjọ wa pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹfanjẹ́líìsì, ẹ bá mi gbàdúrà o. Mo fẹ́ ra maṣíìnì àlòkù kan, n kò sì gun ọ̀kan rí láyé mi. Ẹni tó fẹ́ tà á ní kí n mówó wá lọ́la, torí ẹlòmíràn ti ń wá a." Mo ní, "Àdúrà á gbà. Ta ló ti bá ọ wò ó?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àlàáfíà wà lọ́kàn mi nípa rẹ̀, sà."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, torí pé èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abúlé mẹ́ta lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ sí abẹ́ ìtọ́jú mi ni. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín. Ni ìjọ bá dáwó jọ fún mi, ₦70,000, kí náírà tó di bó ṣe dà yìí. Àwọn màmá tó ń ta ẹ̀kọ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń mú ₦200, ₦200 wá. Arákùnrin kan láti ìjọ mìíràn ní òun ní maṣíìnì àlòkù tí òun fẹ́ tà. Nígbà tí mo rí i, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán, ìjókòó rẹ̀ tuntun, ó tún lẹ "Jésù Ni Olúwa" mọ́ ọn lára.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa, mẹkáníìkì ni wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní, "Ajíhìnrere, ẹ jẹ́ n bá yín débẹ̀." Mo ní, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, ọmọ Ọlọ́run ló fẹ́ tà á. Àlàáfíà wà lọ́kàn mi." Ká sọ òótọ́, ìkánjú ni mo pè ní àlàáfíà. Maṣíìnì wù mí í gùn.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti tan maṣíìnì sílẹ̀ dè mí. Mo rò pé ìfẹ́ ló fi ṣe é. N ò mọ̀ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù ni àìsàn rẹ̀ máa ń hàn. Mo ka owó fún un. N ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n gùn. Ọmọkùnrin kan ló bá mi gbé e délé.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo kọ́ ọ tán, mo ń lọ ṣe ìsìn ọjọ́ Àìkú, ẹ́ńjìnì kọ̀ sáàárín oko. Mo tì í títí aṣọ ọrùn mi fi rin gbingbin. Kí n tó débẹ̀, àwọn èèyàn ti tú ká. Nígbà tí bàbá mẹkáníìkì tú u wò, wọ́n ní ríǹgì rẹ̀ ti jẹ, ó ti ń mu ọ́ìlì tipẹ́. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Ajíhìnrere, Ọlọ́run tó ń fún yín ní àlàáfíà, òun náà ló fún èmi ní iṣẹ́ tí mo mọ̀." Ní ọjọ́ Àìkú kejì, mo dúró níwájú ìjọ, mo jẹ́wọ́. Ojú àwọn màmá ẹlẹ́kọ yẹn ni n kò lè wò.

Ẹ wá wo Jóṣúà orí 9. Àwọn ará Gíbéónì di àpò gbígbó sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n wọ bàtà gbígbó tí wọ́n ti lẹ̀, wọ́n mú oúnjẹ tó ti bu lọ́wọ́. Aládùúgbò ni wọ́n, wọ́n ṣe bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọ́n sọ ara wọn di gbígbó. Ẹni tó ta maṣíìnì fún mi sọ gbígbó di tuntun. Ọgbọ́n kan náà ni. Àwọn olórí Ísírẹ́lì wo oúnjẹ wọn, wọn ò béèrè lọ́wọ́ Olúwa. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn májẹ̀mú, àṣírí tú. Ísírẹ́lì wò, wọn ò béèrè. Èmi béèrè, n ò wò. Inú kòtò kan náà la jọ bọ́ sí.

Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún arákùnrin yẹn ni mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ra maṣíìnì àkọ́kọ́:

1. Ẹ lọ ní ojúmọmọ, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gùn bá yín gùn ún wò.

2. Ẹ ní kí wọ́n má tan án kí ẹ tó dé. Ẹ rọra fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Bó bá ti gbóná, ẹ béèrè ìdí. Bí wọ́n bá tan án tí èéfín aláwọ̀ búlúù ń jáde ṣáá, ọ́ìlì ló ń jó. Bí èéfín bá dúdú, epo tó ń mu ti pọ̀ jù.

3. Ẹ wo nọ́ńbà ṣásí lára fírémù àti nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnì. Ẹ fi wọ́n wé ti inú ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi nǹkan ha nọ́ńbà, ẹ máa lọ, kí ẹ má lọ fi owó yín ra ẹjọ́.

4. Ẹ wo bíréèkì, ṣéènì àti táyà. Ẹ jókòó lé e: ṣé ẹsẹ̀ yín méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa? Èyí tó wúwo ju agbára yín lọ kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

5. Ẹ yọ owó akoto sọ́tọ̀. Jésù ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó (Lúùkù 14:28). Ní 2009, nígbà tí àwọn Road Safety ní dandan ni akoto fún ọlọ́kadà, àwọn kan ní Nàìjíríà fi igbá borí. Ó jọ akoto lójú ọlọ́pàá, kò lè jọ ọ́ lójú ọ̀dà títì.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe maṣíìnì nìkan o. Ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà ńkọ́? Ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́ ńkọ́? Gbígbàdúrà ò ní ká má wádìí, wíwádìí ò sì ní ká má gbàdúrà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́.

Arákùnrin yẹn mú bàbá mẹkáníìkì lọ. Wọ́n ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì kó tutù ná. Ẹni tó ń tà á bínú, ó ní ṣé wọn ò gba òun gbọ́ ni. Arákùnrin náà dá owó rẹ̀ padà sápò. Ó ṣì ń fẹsẹ̀ rìn títí di òní, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pé.

Ẹ jẹ́ n fi èyí parí. Ọjọ́ tí Jésù wá rà wá, a ò lè kun ọ̀dà tó máa bo nǹkan lójú Rẹ̀. Ó rí èéfín wa. Ó mọ ibi tí ríǹgì wa ti jẹ. Síbẹ̀, Ó fi ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ san iye owó náà pé (Róòmù 5:8, 1 Pétérù 1:18-19). Bó o bá ń ka èyí, tó o sì ń dúró kó o tún ara rẹ ṣe kó o tó wá sọ́dọ̀ Rẹ̀, wá bó o ṣe wà. Iṣẹ́ àtúnṣe, ọwọ́ Rẹ̀ ló wà.

*Àdúrà:* Baba, má jẹ́ kí n pe ìkánjú mi ní ohùn Rẹ. Fún mi ní ìrẹ̀lẹ̀ láti gba ìmọ̀ràn ẹni tó mọ̀ jù mí lọ. Ṣọ́ gbogbo àwa tó ń gun maṣíìnì lójú títì lónìí, mú wa délé láyọ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó fẹ́ ra nǹkan lọ́sẹ̀ yìí.